A Kì í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ, Ṣùgbọ́n Ẹ Jẹ́ Kí A Ka Ẹyẹ

(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ sọ níwájú àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ní ìpàdé àpapọ̀ wa)

  

Nígbà tí wọ́n ní kí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ dìde sọ̀rọ̀, a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti ń rò ó pé ọ̀rọ̀ owó ẹ̀yá tí a kò tíì san ni a óò tún bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe èyí lónìí. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni a mú wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ ọ tán ná.

A mọ̀ pé àwọn àgbà kò fẹ́ràn kí a máa ka nǹkan. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí ẹ bá bi bàbá kan pé ọmọ mélòó ló bí, á ní Ọlọ́run ló mọ iye wọn. Ìdí rẹ̀ yé wa, nítorí ọmọ kì í ṣe ọjà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ wọlé lálẹ́ láìkà á. Alájọ ń fa igi sínú káàdì lójoojúmọ́. Ó sì yẹ kí àwa ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé ohun tí a kò bá kà, a kì í mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Bí owó bá ń jáde nínú àpótí díẹ̀díẹ̀ tí kò sí ìwé, ọjọ́ tí àpótí bá ṣófo ni a óò tó pariwo, ariwo náà kò sì ní dá owó padà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tó gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn ìpàdé oṣù kan, a dúró ní etí títì, a ń retí ọkọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa gbójú sókè wo òrùlé odò ẹran tó wà lódìkejì, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, níbo ni àwọn igún lọ?" Gbogbo wa gbójú sókè. Kò sí ìkankan. Bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa wà ní ilé ìwé, igún máa ń tò sórí òrùlé yẹn bí èrò tó ń dúró de ọkọ̀, tí àwọn alápatà á máa fi igi lé wọn.

Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní ìgbà tí wọ́n gé igi àràbà ńlá tó wà lẹ́yìn ọjà ni wọ́n lọ. Òmíràn ní irọ́ ni, pé wọ́n ti lọ kí wọ́n tó gé àràbà. Ẹnì kan ní àwọn olóògùn ló pa wọ́n tán. Ẹnì kan ní kò tíì tó ogún ọdún tí òun rí wọn gbẹ̀yìn. Ìyá kan ní ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. A jà á títí ọkọ̀ fi dé, kò parí, nítorí pé kò sí ẹni tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tó dùn wá níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó lè ṣí ìwé kó sì sọ iye tí ọmọ ẹgbẹ́ kan san ní oṣù kẹta ọdún 1986 kò lè sọ ọdún tí igún kúrò nínú ìlú tirẹ̀.

A wá lọ ṣe ìwádìí. Igún tí a ń sọ yìí ni èyí tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí irun bí òwú bo ẹ̀yìn orí rẹ̀, tó sì máa ń bá èèyàn gbé nínú ìlú. Ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ àgbáyé tí à ń pè ní IUCN, tí ó ń ṣe ìwé orúkọ àwọn ohun alààyè tó wà nínú ewu, kọ ọ́ sí apá tó burú jù, èyí tó kángun sí ìparun. Ní ọdún kan náà, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa igún ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ ikú igún 7,819 jọ láti orílẹ̀-èdè 26. Nínú ọgọ́rùn-ún igún tó kú, 61 ló jẹ́ pé májèlé ló pa á, 29 sì ni a pa fún oògùn ìbílẹ̀.

Àwọn baba wa ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Gbogbo wa ló mọ ọ̀rọ̀ náà lórí. Síbẹ̀, ẹ dé ìsọ̀ àwọn lẹ́kùlẹ́jà, ẹ óò rí orí igún níbẹ̀. Ẹni tó ń rà á ló mú kí ẹni tó ń tà á máa tà á. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kí kálukú bi ara rẹ̀ léèrè.

Ẹ lè ní, "Bí igún bá tán, kí ló kàn wá?" Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilẹ̀ Íńdíà. Ní ibẹ̀, igún pọ̀ tẹ́lẹ̀ débi pé òkú màlúù kì í pẹ́ nílẹ̀. Àwọn kan ń ka igún àti ìtẹ́ wọn nínú ọgbà ẹranko Keoladeo ní ìlú Bharatpur láti nǹkan bí ọdún 1985. Nígbà tí wọ́n tún ka wọ́n ní àárín ọdún 1990 sí 2000, iye náà ti já wálẹ̀ gidigidi. Ìwé wọn ló jẹ́ kí wọ́n lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbogbo ilẹ̀ náà wò, nínú ọgọ́rùn-ún igún, ó lé ní 95 tó ti lọ. Kò pẹ́ tí ajá ìgboro fi pọ̀ sí i nídìí òkú ẹran tí igún ìbá ti jẹ tán.

Kí ló pa wọ́n? Ní ọdún 2004 ni wọ́n tẹ ìdáhùn jáde: oògùn ìrora kan tí à ń pè ní diclofenac, tí àwọn darandaran ń fún màlúù tí ara rẹ̀ kò yá. Bí màlúù náà bá kú tí igún sì jẹ ẹ́, kíndìnrín igún á bàjẹ́, á kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn darandaran kò gbèrò ibi. Ẹran wọn ni wọ́n ń tọ́jú. Ní ọdún 2006, ìjọba Íńdíà fi òfin de lílo oògùn náà fún ẹran. Ká ní kò sí àwọn tó jókòó ka ìtẹ́ igún nígbà tí ó ṣì pọ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rí ìdí tó fi yẹ kí a kà á, ta ni ìbá gbà wọ́n gbọ́?

Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ kíka ẹyẹ kì í ṣe iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó jẹ́ àṣà àwọn ọdẹ kan láti máa pín ara wọn sí ọ̀nà méjì ní àkókò Kérésìmesì, kí wọ́n sì wo ẹni tí yóò pa ẹyẹ àti ẹran jù. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Frank Chapman ní kí àwọn èèyàn máa kà wọ́n dípò kí wọ́n máa pa wọ́n. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1900, èèyàn 27 jáde ní ibi 25, wọ́n sì kọ nǹkan bí irú ẹyẹ 90 sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ọdún kan kò kọjá tí wọn kò jáde. Ìwé wọn wà lára àwọn ìwé tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ wò kí wọ́n tó lè sọ ní ọdún 2019 pé ẹyẹ tó dín ní apá àríwá Amẹ́ríkà láti ọdún 1970 tó bílíọ̀nù 2.9.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀ ní ọdún 1979 pé kí wọ́n fi wákàtí kan ka ẹyẹ inú ọgbà ilé wọn ní oṣù kìn-ín-ní. Lónìí, tọmọdé tàgbà ló ń ṣe é lọ́dọọdún. Láti inú wákàtí kan yìí ni wọ́n ti mọ̀ pé ológoṣẹ́ ilé wọn ti dín ju ìdajì lọ láti ìgbà náà. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù lè jókòó lójú fèrèsé kí wọ́n sì bá wọn ṣe é. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó ń fò lókè odò wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti ń pa ẹyin. Ẹni tó kà á lọ́hùn-ún àti ẹni tó kà á níhìn-ín, inú ìwé kan náà ni wọ́n ń kọ̀wé sí.

Ní Nàìjíríà ńkọ́? Láti ọdún 2015 ni ètò kan ti wà tí à ń pè ní Nigerian Bird Atlas Project. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ tó wà lẹ́bàá ìlú Jos, A.P. Leventis Ornithological Research Institute, ló ń ṣe agbátẹrù rẹ̀. Wọ́n pín gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà sí onígun mẹ́rin kéékèèké, bí ìlà tí a fà sínú ìwé ìṣirò ọmọ ilé ìwé. Ìhà kọ̀ọ̀kan gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 9. Oko yín wà nínú ọ̀kan. Ọjà yín wà nínú ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ẹyẹ lè yan èyí tó bá sún mọ́ ọn, kó sì ṣe é báyìí.

Á wà níbẹ̀ fún wákàtí méjì ó kéré tán. Á dé ibi gbogbo tó bá lè dé nínú rẹ̀: oko, etí odò, igbó, ìgboro. Irú ẹyẹ tó bá kọ́kọ́ rí tàbí gbọ́ ohùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà ìkejì, lẹ́yìn náà ìkẹta, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ó lè máa fi kún un títí di ọjọ́ márùn-ún. Ìwé náà lọ sí ọ̀dọ̀ wọn láti orí fóònù, nípasẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní BirdLasser.

Ẹ kíyè sí i pé kò ní kí ẹ ka iye lékeléke tó bà sórí igi kan. Irú ẹyẹ ni ẹ ń kọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fún irú kọ̀ọ̀kan. Báwo ni wọ́n ṣe wá ń mọ èyí tó ń dín? Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìwé mẹ́wàá ti wá láti ibì kan, tí àwòdì wà nínú mẹ́jọ. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ìwé mẹ́wàá mìíràn wá, tí ó jẹ́ pé inú mẹ́ta péré ni àwòdì wà. Èyí ti sọ̀rọ̀. Ìwé ẹnì kan kò lè sọ ọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Kí a tó wá bá yín sọ̀rọ̀ yìí, àwa ìgbìmọ̀ lọ dán an wò fúnra wa. A jẹ́ mẹ́rin. A bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, láti etí oko kòkó dé ẹ̀bá odò. Méjì nínú wa kàwé, wọ́n sì mú awò tí ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ ojú dání. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ wa níṣẹ́ ni ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń dá ẹmu, tí kò mú nǹkan kan dání. Kí a tó gbé awò sójú, á ti ní, "Ẹlulùú nìyẹn. Àdàbà nìyẹn. Àkókó ló ń sọ igi yẹn." Etí ló fi ń kà á. Láti orí ọ̀pẹ ló ti kọ́ ọ.

Nígbà tí a ka ìwé wa sókè, ó dá wa dúró. A ti kọ ẹyẹ kan tó pọ́n bí ẹ̀yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, tí orí rẹ̀ dúdú. A sì kọ òmíràn tó rí ràkọ̀ràkọ̀ tó wà nítòsí rẹ̀. Ó ní, "Èyí tí ẹ kọ sí méjì yẹn, akọ àti abo ni. Ẹ̀gà kan náà ni." Akọ̀wé wa fa ìlà kan lé ọ̀kan lórí, ó buwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí a ti ń ṣe sí àṣìṣe nínú ìwé owó. Kò pa á rẹ́.

A kò rí igún. Ní òpin wákàtí méjì, ọ̀kan nínú wa ní kí a fi sí i, nítorí pé ó dá òun lójú pé wọ́n ṣì wà níbì kan. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di ìjà. Ṣùgbọ́n báwo ni olùyẹ̀wò owó ṣe máa wò wá bí akápò bá kọ owó tí kò rí sínú ìwé, nítorí pé ó dá a lójú pé ẹni tó jẹ ẹ́ yóò san án? A kò fi sí i. Nínú ìwé tí a ṣe tọkàntọkàn fún wákàtí méjì gbáko, ohun tí kò sí níbẹ̀ náà jẹ́ ẹ̀rí.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a dáhùn ìbéèrè tí a ti ń gbọ́ lábẹ́lẹ̀.

Àkọ́kọ́: "Kí ni a óò rí jẹ níbẹ̀?" A kò ní purọ́ fún yín. Kò sí owó níbẹ̀. Kò ní fi kún èrè ìpín ẹnikẹ́ni lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n igún ti ń gbálẹ̀ odò ẹran fún wa láìgba owó oṣù. Òwìwí ń ṣọ́ eku nínú oko lóru, lékeléke sì ń kó tata lẹ́yìn màlúù. Bí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, ọwọ́ wa ni yóò bọ́ sí, a ó sì san owó rẹ̀.

Èkejì: "Ṣé ẹ̀gà tó ń ya ewé ọ̀pẹ wa, tó ń jẹ àgbàdo wa, ni kí a máa kà?" Bẹ́ẹ̀ ni. A kò ní kí ẹ fẹ́ràn ẹ̀gà. Ẹni tó jẹ wá lówó tí kò san, ṣé a kì í kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ni? Ọ̀tá tí a mọ ìgbà tó ń dé àti ibi tó ń wọ̀ sí sàn ju èyí tó ń bá wa lójijì lọ.

Ẹ̀kẹta: "Òwìwí ẹyẹ àjẹ́ ni." A kò wá láti bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́. Ẹni tí ẹ̀rù òwìwí bá ń bà, kó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kó sì máa lọ. Kó má ṣáà sọ ọ́ lókò.

Ìkìlọ̀ kan wà tí ó ṣe pàtàkì ju ìyókù lọ. Bí ẹ bá rí odídẹrẹ́ nínú igbó, ẹ kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ igi tí ìtẹ́ rẹ̀ wà fún èrò. Àwọn tó ń mú un tà kò tíì kúrò nílẹ̀. Ní ọdún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò láti dá òwò odídẹrẹ́ inú igbó dúró láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017. Ìwé wa kò gbọdọ̀ di ohun tí ọlọ́dẹ yóò fi mọ̀nà. Akápò mọ iye owó tó wà nínú àpótí. Kò sí akápò tó ń kígbe ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà láàárín ọjà.

Ẹyẹ kan sì wà tó yẹ kí ojú ti àwa ará ìhà ìwọ̀ oòrùn tí a kò bá mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1958 ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Elgood, tó ń kọ́ni ní yunifásítì Ìbàdàn, ṣàlàyé rẹ̀ fún ayé, ó sì fi orúkọ Ìbàdàn pè é: Malimbus ibadanensis. Ara rẹ̀ dúdú, pupa sì wà ní orí àti àyà akọ rẹ̀. Ìbátan ẹ̀gà ni. Kò sí níbòmíràn ní gbogbo ayé, àfi apá ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà yìí. Ó wà nínú ewu, nítorí igbó tó ń gbé ti di oko àti ilé. Bí ó bá tán lọ́dọ̀ wa, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni yóò ti lọ yá òmíràn.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀ yín láti fẹnu kò lé lórí lónìí kò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan èèyàn méjì: àgbà kan tó mọ ẹyẹ, yálà ọdẹ, àgbẹ̀ tàbí ẹni tó ń dá ẹmu, àti ọ̀dọ́ kan tó mọ̀wé kọ, tó sì ní fóònù. Kí wọ́n fi wákàtí méjì ní Sátidé kan lóṣù ṣe é. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ ẹyẹ kan, ẹ kọ bí ó ti rí: àwọ̀ rẹ̀, bí ẹnu rẹ̀ ti gùn tó, ohun tó ń jẹ, bí ó ti ń ké. Ẹ má ṣe dábàá. Kí a sì máa ka ìwé náà sétí ìgbọ́ gbogbo wa ní ìpàdé oṣù mẹ́ta mẹ́ta, lẹ́yìn tí akápò bá ti ka ti owó tán. Ìwé àjákọ kan àti bírò kan ni ìnáwó rẹ̀.

Bàbá wa tó béèrè ìbéèrè yẹn létí títì wà nínú ìpàdé yìí. A kò rí ìdáhùn fún un, a kò sì lè rí i mọ́, nítorí àwọn tó yẹ kó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà kò kọ ọ́. Àwa náà wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà tí yóò dúró ní etí títì yẹn ní ogún ọdún òní, tí yóò béèrè nípa lékeléke tàbí àwòdì tàbí ẹyẹ mìíràn tí a rò pé kò lè tán. Kí ó bá ìwé nílẹ̀.

Wọ́n ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Àwa tí a lè sọ̀rọ̀, tí a sì lè kọ̀wé, ẹ jẹ́ kí a bá wọn sọ ọ́. Alága, a fi ọ̀rọ̀ náà lé ilé lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí àwọn tó fara mọ́ ọn nawọ́ sókè, kí akọ̀wé sì kà wọ́n.